Kúẹ́rì tí mo kọ sí Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ sórí fóònù tí mo tún pa á rẹ́. Lónìí, mo ní kí n kúkú sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún yín bó ṣe rí gan-an, kí n má bu iyọ̀ sí i.

Ẹ rántí ìgbà tí mo gbé fọ́tò síbí pé mo ti padà sílé ìwé? Ọ̀pọ̀ yín ló kí mi kú oríire. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí dáadáa, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìjọba sì ni mo ń ṣe. Alágbàkà ni ọ́fíìsì wa wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi mí ṣe olórí rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló wà lábẹ́ mi, mi ò sì tíì ṣe olórí ẹnikẹ́ni rí, àfi àwọn ọmọ mi nílé.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ fún Másítàsì, èyí tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé fún àwa tá a ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti ìṣàkóso, bí èèyàn ṣe lè jẹ́ olórí rere níbi iṣẹ́ òde òní. Obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló ń kọ́ wa, ọmọ Òkìtìpupa ni. Kì í pariwo. Bó bá ń sọ̀rọ̀, gbogbo kíláàsì á pa rọ́rọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Ó kọ́ wa pé láyé àtijọ́, àwọn onímọ̀ gbà pé ńṣe ni wọ́n ń bí ẹ̀bùn ìdarí mọ́ olórí. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn ní rárá, ìwà tó ń hù ni ká wò: àwọn olórí kan wà tí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n rí, àwọn kan wà tí èèyàn nìkan ni wọ́n rí. Àwọn kan tún dé, wọ́n ní ipò tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ bá wà ló yẹ kó sọ fún ọ bí o ṣe máa darí rẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí mo fi ń kọ nǹkan kún fọ́fọ́ ṣáájú ti àwọn yòókù. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe dáadáa jù.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì.

Ọkùnrin kan wà lábẹ́ mi tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé. Ọmọ Oǹdó ni. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ga jù ú lọ níbi iṣẹ́, ẹ sì mọ bí irú ìyẹn ṣe máa ń rí láàárín àwa Yorùbá. Mo máa ń sọ “ẹ” sí i, òun náà ń pè mí ní Màdáàmù, ṣùgbọ́n ara mi kì í balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé tí mo bá rọ̀ jù, á gun orí mi. Oǹdó ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, ojoojúmọ́ ló sì ń wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́. Kò sí fáìlì tí ẹ máa béèrè tí kò ní mọ ibi tó wà. Kò tilẹ̀ ní wo ìwé. Á kàn dìde, á lọ mú un wá.

Ohun tí mo rí ni pé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti di aago méjìlá, ẹ ò ní rí i mọ́. Àga rẹ̀ á ṣófo títí aago mẹ́rin. Mo bi Bísí tó ń tẹ̀wé fún wa, ó ní òun ò mọ̀. Mo tún bi ẹlòmíràn, òun náà ò mọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà rí nǹkan? Gbogbo wọn ni mo bi, àfi ẹni tọ́rọ̀ kàn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó wá sí ọ́fíìsì mi fúnra rẹ̀. A fẹ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì kejì lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti tẹ́ ìwé mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó kan ilẹ̀kùn, mo ní kó wọlé. Kò jókòó. Ó dúró, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú.

“Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan.”

Mi ò gbé orí sókè. Mo ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni?”

“Ọ̀rọ̀ ara mi ni mà. Ṣùgbọ́n ó kan iṣẹ́ díẹ̀.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba inú fáìlì wá. Mo ń ka nǹkan lọ́wọ́ ni.”

Ó wá ní, “Ẹ ṣé mà.” Ó rọra fa ilẹ̀kùn dé.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ń kà? Ojú ìwé tó sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olórí ní ni kó tẹ́tí. Mo fi báírò pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, torí mo rò pé ó máa jáde nínú tẹ́ẹ̀sì. Ó sì jáde lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò rí ìwé kankan látọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ṣì ń lọ láago méjìlá. Nínú ọkàn mi, mo ní ọkùnrin yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó rò pé obìnrin ni mí, ọmọdé sì ni mí sí òun. Mo jókòó, mo kọ kúẹ́rì. Mo ka àwọn ọjọ́ tí kò sí níbi iṣẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí wọn ò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Bísí ló tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e wá kí n buwọ́ lù ú, kò tètè lọ. Ó dúró níwájú mi.

Mo ní, “Kí ló dé?”

Ó ní kò sí nǹkan.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé fèsì lọ́jọ́ kejì. Ìlà kan péré ló kọ: ó ní òun tọrọ àforíjì, irú rẹ̀ kò ní wáyé mọ́.

Kò sì wáyé mọ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ bá dé ọ́fíìsì wa láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni o, ọjọ́ Ẹtì ni o, ẹ máa bá a lórí àga rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ń mọ ọ̀gá ṣe.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i tó wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́. Mo bá a wí níṣojú àwọn yòókù pé sílípáàsì kì í ṣe bàtà ọ́fíìsì. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú mà.” Èmi náà wo ẹsẹ̀ yẹn. Ó wú, awọ rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á. Mo fi ojú mi rí i, mo sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú dìde, kó sọ ìgbà kan tó lo ohun tá a ti kọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Mo dìde, mo sọ ìtàn òṣìṣẹ́ kan tó ń sá níbi iṣẹ́. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe wo ọ̀rọ̀ náà, bí mo ṣe rí i pé rírọ̀ kò lè ṣiṣẹ́, bí mo ṣe lo agbára tí ipò mi fún mi, àti bó ṣe yí padà pátápátá. Mo tilẹ̀ ya àwòrán kan sójú pátákó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́.

Olùkọ́ wa kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ ṣé. Kí ló ń gbé e kúrò níbi iṣẹ́ láago méjìlá tẹ́lẹ̀?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀ mà.”

“Ẹ ò bi í?”

“Ó fèsì kúẹ́rì mà.”

“Mi ò béèrè èsì kúẹ́rì. Mo ní, ṣé ẹ bi í?”

Mo yíjú sí àwòrán tí mo yà. Olùkọ́ wa ní kí n jókòó, ó pe ẹlòmíràn. Kò bú mi, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohunkóhun nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹsẹ̀ wíwú yẹn ló ń wá sí mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tètè dé iṣẹ́. Mo fẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé wọlé, kí n ní kó jókòó, kí n bi í. Aago mẹ́jọ lù, kò dé. Aago mẹ́sàn-án lù. Mo pe Bísí, mo ní kó ti ilẹ̀kùn.

“Bísí, kí ló ń ṣe Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé?”

Ó wò mí títí. Ó wá ní, “Kídìnrín rẹ̀ ni mà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kan ní Oǹdó, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń lọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ kọ kúẹ́rì yẹn, ó sọ fún wọn pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni òun á máa wá.”

Mo ní, “Ìwọ mọ̀?”

“Gbogbo wa la mọ̀ mà.”

“Kí wá ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ó bẹ̀ wá pé ká má sọ. Àti pé…” Ó ń fi ọwọ́ ra etí tábìlì. “Ẹ má bínú mà. Ta ló fẹ́ wá sọ ọ́ fún yín?”

Mo pe nọ́ńbà Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Ó ní ọkọ òun ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ó ti wà ní ọsibítù.

Mi ò dúró kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Mo lọ sí gáréèjì, mo wọ mọ́tò Oǹdó. Nígbà tá a dé Ọ̀wẹ̀nà, dírẹ́bà dúró kí àwọn èrò lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo rò pé kò yẹ kí n lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ìdì ńlá kan.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Ó kọ́kọ́ fi èdè Oǹdó kí mi, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ló bá yí i sí Yorùbá ilé ìwé. Ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ó ní, “Ẹ ṣé mà. Dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nítorí àìsàn náà.” Kò sọ ọ́ bíi pé ó fẹ́ fi bú mi. Ó kàn gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

A wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti wú, ó ń mí kíákíá. Bó ṣe rí mi báyìí, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tí kò lè mí dáadáa fẹ́ dìde nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ wọlé.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ẹ jọ̀ọ́.” Ìyàwó rẹ̀ dì í mú ní èjìká, ó dá a padà.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ má bínú pé mi ò ránṣẹ́. Àwọn fáìlì ìgbéga yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi lápá òsì, Bísí mọ̀ ọ́n. Ó ku méjì tí mi ò tíì rí.”

Mo jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ mà. Mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, mo sì ń ya á. Ẹ mọ iṣẹ́ wa mà. Tí nǹkan bá ti wọ fáìlì, gbogbo ayé ló máa kà á. Wọ́n á ní ara mi ò lè gbé iṣẹ́ mọ́, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Mo fẹ́ sọ ọ́ létí yín nìkan ni.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kò sí ohun tí mo ṣe, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi.

Nígbà tí mò ń lọ, ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ìta. A dúró lábẹ́ igi kan. Ó wá ní, “Láàárọ̀ ọjọ́ tó wá bá yín yẹn, ó dúró níwájú dígí, ó ń sọ ohun tó fẹ́ sọ fún yín. Ó bi mí pé, ṣé báyìí dára, àbí kí òun sọ ọ́ báyìí. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé ọba lo fẹ́ lọ bá ni.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Ẹ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú mà. Ẹ ṣé tí ẹ wá.”

Mo bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo gba ààyè ìsinmi àìsàn fún un láìjẹ́ kí ìwé náà gba ọ̀dọ̀ ẹni tí kò yẹ. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò gbà ju ọ̀sán kan lọ? Ọ̀sán kan péré. Ohun tí ọkùnrin yẹn fi oṣù mélòó kan bẹ̀rù, mo ṣe é tán láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti aago mẹ́rin. Ọsibítù dá ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ náà padà sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi ọjọ́ kan kún un. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Kò pé oṣù kan tó fi kú.

N kò mọ̀ bóyá kúẹ́rì mi ló pa á. Mo bi dókítà náà, ó ní àìsàn rẹ̀ ti wọra kó tó di pé ó dín ìtọ́jú kù, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tù mí nínú, ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn, mo mọ̀. Kò tù mí nínú. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló pa á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun kọ́.

A lọ sin ín ní Oǹdó. Wọ́n ní kí olórí ẹ̀ka sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde, mo dé iwájú, mo wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lórí àga àkọ́kọ́, ẹnu mi ò sì là. Bísí ló wá gba máíkì lọ́wọ́ mi. Ó sọ pé tí fáìlì bá sọnù, Ọ̀gbẹ́ni Akínbòdé kì í bú ẹni tó sọ ọ́ nù, ńṣe ló máa ń ní kí wọ́n jọ wá a. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo fi ṣe olórí rẹ̀. Mi ò mọ ìyẹn nípa rẹ̀.

Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà. A ti kọ ìtàn tí oníkálukú sọ ní kíláàsì fún olùkọ́ wa; mo tún tèmi kọ, mo sọ gbogbo òtítọ́ sínú rẹ̀. Èmi ni mo tún ṣe dáadáa jù ní kíláàsì. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìwé tó dára ni, ó sì dun òun pé mo ní láti kọ ọ́. Mi ò fi fọ́tò èsì yẹn síbí, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ Sátidé, òótọ́ ni. Mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìwé. Ṣùgbọ́n èèyàn lè mọ orúkọ oríṣiríṣi aṣáájú lórí kó má mọ ohun tó ń ṣe ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn ògiri rẹ̀. Kí ẹ tó kọ ìwé sí ẹnikẹ́ni, ẹ pè é, ẹ ní kó jókòó, ẹ bi í. Bó bá sì jẹ́ pé òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ẹ pa ìwé tí ẹ ń kà dé.

Èmi náà ti ń bi wọ́n báyìí. Láràárọ̀ ni mò ń lọ láti orí àga kan dé òmíràn, mò ń béèrè pé ṣé àlàáfíà ni, ṣé kò sí ohun tó ń dùn wọ́n. Wọ́n máa ń dìde, wọ́n á ní, “Kò sí nǹkan mà. A dúpẹ́ mà.” Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bísí sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo gbọ́ ọ láti ìta. Nígbà tó jáde, mo bi í. Ó ní kòkòrò ló kó sí òun lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ọ̀gá rí, tí ẹ sì ṣẹ àwọn èèyàn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrírí tiyín fún mi nísàlẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ irú mi náà, ẹ má ṣojo, ẹ sọ ọ́. Kí ni ọ̀gá yín ṣe tí ẹ fi tún lè bá a sọ òtítọ́? Mi ò béèrè kí ọ̀rọ̀ lè pọ̀ lórí ojú ewé mi. Mi ò mọ̀ ọ́n ni.